Láti Èéfín dé Ooru: Ìtàn Mímu Igbó ní Agbègbè Agbábù àti Odígbó

Nínú èdè Yorùbá òde òní, ọ̀rọ̀ kan náà, igbó, ni wọ́n ń lò fún ibi tí igi dí sí àti fún ewé tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, ìtumọ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn gan-an. Agbábù, tí ó gbajúmọ̀ nítorí ọ̀dà inú ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ń wá ní nǹkan bí ọdún 1908, wà ní ilẹ̀ ẹgàn gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbó ọba Olúwa ń bẹ ní agbègbè náà. Orè sì wà lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní. Ẹgàn lè fi oko pamọ́, títì sì lè gbé ẹrù dé ìgboro.

Ewé yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ òpìtàn so ìtànkálẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó padà láti Íńdíà àti Bọ́mà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1964, Tọ́lání Asùní ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ti kọ̀wé lórí ìṣòro ọpọlọ àti ti àwùjọ tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí ó fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ó kéré tán, halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá gbìn ín. Àtúnṣe ọdún 1975 mú ìjìyà ikú kúrò. Ní ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kò dẹ́kun. Kòkó ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni igbó fi ń tó kórè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń fi ewé náà ṣe oògùn. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà. Buba Marwa, tí ó di olórí NDLEA ní ọdún 2021, lòdì sí sísọ ọ́ di ohun tí òfin gbà láàyè.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó náà ti yí padà. Wíwé e sínú bébà ni ó wọ́pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ń rẹ ẹ́ sínú ògógóró. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Storz & Bickel ní Jámánì gbé ẹ̀rọ Volcano jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń mú ewé gbóná dé nǹkan bí 180 sí 210 lórí òṣùwọ̀n Celsius láìjó o, kí èròjà rẹ̀ lè di ooru. Níwọ̀n bí iná kò ti jó o, ọ̀dà àti gáàsì olóró inú èéfín dínkù. Èdè Yorùbá kò nílò ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun fún un: "mu" àti "fà" gba èéfín àti ooru.

Ṣùgbọ́n ooru kò túmọ̀ sí àìléwu. Ní Amẹ́ríkà, títí di oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn aláṣẹ ìlera ka ènìyàn 2,807 tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé dé ilé ìwòsàn tàbí tí ó kú lẹ́yìn fífa irú ooru bẹ́ẹ̀. 68 nínú wọn ni ó kú. Òróró fítámì E tí wọ́n fi lú òróró igbó ni ẹ̀rí tọ́ka sí jù.

Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ń lo igbó ní Nàìjíríà. Òfin kò yọ ooru sílẹ̀ nínú ohun tí ó kà léèwọ̀. Ẹni tí ó lówó ẹ̀rọ lè fa ooru nínú yàrá láìjẹ́ pé òórùn púpọ̀ tú u fó. Oko kò ṣeé fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wọ inú ẹgàn. Nítorí náà, ìyípadà láti èéfín sí ooru kò pín ewu dọ́gba: ó mú kí ìfarapamọ́ rọrùn fún ẹni tí ń mu ún, ó sì fi ẹrù ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ lórí àgbẹ̀.