Ẹyin Tí A Kò Fọ̀: Ìtàn Ẹyin Adìẹ Ìbílẹ̀ Lágbègbè Òsì àti Ìlọ́fà

Ọ̀rọ̀ ẹyin la gbé wá lónìí, ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe ti àgírìkì. Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọ̀dọ́ àti àwọn ìyá wa àgbà: ṣé ká fọ ẹyin kí a tó tọ́jú rẹ̀, àbí ká kàn fi àkísà gbígbẹ nù ún? Ìyá àgbà ní ká má ṣe fi omi kàn án. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìwà ọ̀bùn nìyẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, fífọ̀ là ń sọ o, kì í ṣe fífọ́.)

Ká tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń fi ẹyin ṣe láyé àtijọ́. Ní Òsì, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọwá, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ẹyin kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ sábà máa ń yé bí ẹyin mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà yóò sàba fún ọjọ́ 21. Ẹni tó bá din ẹyin mẹ́wàá jẹ ti jẹ adìẹ mẹ́wàá ọ̀la nìyẹn. Ibẹ̀ ni a rò pé èèwọ̀ tí gbogbo wa gbọ́ ti wá, pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ọgbọ́n ìṣúná ni wọ́n dá, àmọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn nílò oúnjẹ aṣaralóore ló jìyà rẹ̀.

Ẹyin tí wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kó o kúrò nínú ìtẹ́ kí ejò má baà gbé e mì, wọ́n á fi ẹyọ kan sílẹ̀ kí adìẹ má baà kọ ibẹ̀, wọ́n á sì kó ìyókù sínú ìkòkò amọ̀ níbi tó tutù. Tí adìẹ bá ti ṣe tán láti sàba, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà sábẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá fọ irú ẹyin bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n pín àwọn ìlú Èkìtì wọ̀nyí mọ́ Ìlọrin ní Àríwá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé iṣẹ́ ọnà fi ń pe ìlú Àreògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ní Òsì-Ìlọrin. Àwọn òyìnbó ìjọba tó ń rìn láti ìlú dé ìlú a máa fẹ́ ẹyin láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyin tó wà nílé lè ti pẹ́ lábẹ́ adìẹ. Omi ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: èyí tó bá rì ṣì tutù, èyí tó bá léfòó ti gbó, ó sì lè ti di ọ̀bu. Ihò wínníwínní tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà lára èèpo ẹyin. Ibẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń gbà lọ díẹ̀díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ihò yìí gan-an ni ìdáhùn àríyànjiyàn wa. Bí adìẹ bá yé ẹyin, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń gbẹ sí ojú èèpo, òun ló ń dí àwọn ihò náà. Omi àti kànrìnkàn a máa bó o kúrò. Ó tún burú sí i tó bá jẹ́ omi kànga tútù la da sórí ẹyin tó ṣì gbóná: inú ẹyin á sún kì, á sì fa omi ìdọ̀tí wọlé.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò fẹnu kò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fọ ẹyin tí wọ́n ń tà lọ́jà ńlá, wọ́n sì ń gbé e sínú òtútù. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí wọ́n fọ ẹyin ìpele A. Ní December 1988, Edwina Currie, mínísítà kékeré fún ètò ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin ilẹ̀ náà ti ní salmonella. Ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, òun náà sì fipò sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ohun tí wọ́n wá ṣe nígbà tó di 1998 ni pé wọ́n ń fún adìẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Adìẹ ni wọ́n tọ́jú, wọn kò fọ ẹyin.

Àmọ́ ìyá àgbà kò jàre tán. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé wa kò gba abẹ́rẹ́ kankan, ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè gbé àrùn. Ẹyin tí ìgbẹ́ bá ti bò, ká má tọ́jú rẹ̀ rárá. Ká fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ká sè é kó jinná dénú. Koríko gbígbẹ tí a ń pààrọ̀ nínú ìtẹ́ yóò dín irú rẹ̀ kù. Ti sísàba, kó má ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ nínú ìkòkò. Ní ti fíríìjì, ẹyin tó bá ti wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ máa wọlé máa jáde, torí yóò làágùn, omi ara rẹ̀ yóò sì ṣí ọ̀nà fún kòkòrò. Bí iná sì ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lágbègbè wa yìí, ìkòkò ìyá àgbà ṣì sàn jù ú lọ.