Bí Òkìtì Táyà Àlòkù Ṣe Kúrò Nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní nǹkan bí ọdún 1910, kò sẹ́ni tó ka rọ́bà àlòkù sí ìdọ̀tí ní Amẹ́ríkà. Rọ́bà wọ́n débi pé nǹkan bí ìdajì èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ni wọ́n tún lọ̀ láti ara táyà àti bàtà tó ti gbó. Ọ̀nà jíjìn ni ojúlówó rọ́bà ti ń wá. Igbó ilẹ̀ Yorùbá náà wà lára ibi tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń rà á: láàárín 1895 sí 1900, wọ́n kọ igi ìrè láìdáwọ́ dúró títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tó ṣòro rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dà á sí àkìtàn?

Nígbà tí Japan gba Màláyà àti àwọn erékùṣù tó di Indonéṣíà lónìí ní 1942, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọ́bà tí Amẹ́ríkà ń rà dáwọ́ dúró. Ní oṣù Òkúdu ọdún náà, Ààrẹ Franklin Roosevelt bọ́ sórí rédíò, ó ní kí ará ìlú kó rọ́bà àlòkù wá sí ilé epo, kí wọ́n sì gba sẹ́ǹtì kan lórí páùn kọ̀ọ̀kan. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi kó ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 400,000 jọ.

Lẹ́yìn ogun ni nǹkan yí padà. Rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé gbé táyà tó ní wáyà irin nínú jáde ní 1949. Táyà yìí ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ ń da ẹ̀rọ ìlọta láàmú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lọ rọ́bà kógbá sílé. Bí táyà àlòkù ṣe di ohun tí kò lówó lórí mọ́ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Táyà kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tún gbé e sókè, nítorí náà àwọn alákìtàn kì í fẹ́ gbà á. Ẹni tó bá nílẹ̀ gbalasa wá ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà, á sì da táyà wọn sẹ́yìn oko. Nígbà tó fi máa di 1990, èyí tó wà ní òkìtì káàkiri orílẹ̀-èdè náà tó bílíọ̀nù kan.

Ọ̀kan nínú òkìtì wọ̀nyí wà nítòsí Winchester, ìpínlẹ̀ Virginia. Nǹkan bí mílíọ̀nù 7 táyà ló wà níbẹ̀ nígbà tí iná sọ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1983. Omi kì í tètè pa iná táyà: ihò àárín táyà ń fún iná ní afẹ́fẹ́, rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ ń pa ooru mọ́, bí òkè bá sì kú, abẹ́ á ṣì máa jó. Oṣù bíi mẹ́sàn-án ni iná náà fi jó. Rọ́bà tó ń yọ́ di epo, epo náà ń ṣàn lọ sínú odò kékeré kan tí ń jẹ́ Massey Run, àfi bí ìjọba àpapọ̀ ṣe wá ọ̀nà láti gbà á dúró kí wọ́n sì fà á kúrò. Ní 1986 wọ́n kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí májèlé ti bà jẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. 2005 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ọ̀hún.

Kí iná tó ràn pàápàá, ará àdúgbò ti ń jìyà. Bó ti wù kí táyà dùbúlẹ̀, yóò gba omi òjò dúró, kò sì sí ẹja níbẹ̀ tí yóò jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ní 1985, àwọn onímọ̀ rí i pé ẹ̀fọn Éṣíà tí ń jẹ́ Aedes albopictus ti fìdí kalẹ̀ ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Táyà àlòkù tí ọkọ̀ òkun kó láti Éṣíà ni wọ́n gbà pé ó bá wọlé. Ẹ̀fọn yìí lè gbé àrùn dengue àti chikungunya, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti ìgbà náà.

Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin lórí táyà àlòkù, ní 1984. Láti 1985, ó di èèwọ̀ láti da odindi táyà sí àkìtàn níbẹ̀. California ṣe tirẹ̀ ní 1989, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà tí òfin náà gbà ń ṣiṣẹ́ kò díjú. Ẹni tó bá ra táyà tuntun á fi owó díẹ̀ lé e. Ní California, dọ́là 1.75 ni láti 2005, tí apá kan rẹ̀ ń lọ sí ìtọ́jú afẹ́fẹ́. Owó náà ni wọ́n fi ń kó òkìtì àtijọ́, tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó táyà, tí wọ́n sì fi ń ran àwọn tó fẹ́ lo rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ká ní wọ́n kàn fòfin dè é láìwá ọjà fún un ni, inú igbó ni táyà ì bá tún gbà lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida jẹ́rìí sí i pé kíkó o kúrò lójú nìkan kò tó. Ní 1972, wọ́n da nǹkan bí mílíọ̀nù 2 táyà sínú òkun nítòsí Fort Lauderdale, pẹ̀lú èrò pé ẹja á fi ṣelé. Ìdè wọn já, ìgbì wá ń gbá wọn lu iyùn tó wà nítòsí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn òmùwẹ̀ ológun tó bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn jáde.

Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì wà lára àwọn tó ń gba táyà jù, wọ́n ń fi í dáná, torí pé ooru tó wà nínú rẹ̀ tó ti èédú, ó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú títì ni èrè rẹ̀ ti hàn sí ará ìlú jù. Ní àwọn ọdún 1960, Charles McDonald, ẹnjiníà ìlú Phoenix ní Arizona, bẹ̀rẹ̀ sí í po rọ́bà lílọ̀ mọ́ ọ̀dà gbígbóná láti fi dí títì tó ti sán. Ó rí i pé ọ̀dà náà ń nà, kò sì tètè là. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í da irú ọ̀dà yìí bo àwọn títì márosẹ̀ agbègbè Phoenix láti dín ariwo ọkọ̀ kù fún àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Nínú bílíọ̀nù kan tó wà nílẹ̀ ní 1990, wọ́n ti kó ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wàhálà mìíràn ti yọjú ṣá. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Washington fi hàn pé kẹ́míkà 6PPD, tí wọ́n ń fi sínú táyà kó má bàa sán, máa ń di májèlé tó ń pa ẹja coho salmon nígbà tí àgbàrá bá gbé e dé odò. Ọ̀rọ̀ yìí kan rọ́bà lílọ̀ náà, ó sì yẹ kí a fi sọ́kàn níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti ń lo táyà àlòkù báyìí. Ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló mú iṣẹ́ lílọ táyà wọ̀lú. Ní 2020, Ifedolapo Runsewe dá Freetown Waste Management Recycle sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di 2021, òṣìṣẹ́ wọn ti lé ní 100, táyà tí wọ́n ti lọ̀ sì ti lé ní 100,000. Bíríkì tí wọ́n ń tò sílẹ̀ àgbàlá àti èyí tí wọ́n ń tẹ́ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni wọ́n ń fi rọ́bà náà ṣe. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣa táyà káàkiri ìlú ni wọ́n ti ń gbà á, iye táyà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sì kó wá ni wọ́n ń sanwó lé lórí fún un.