Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola àti Ìtànkálẹ̀ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Akinsola Okebukola jẹ́ onímọ̀ nípa ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), Ọ̀jọ́. Ní ọdún 1992, àjọ UNESCO fún un ní Ẹ̀bùn Kalinga, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń mú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ ará ìlú sí. Ọdún 1952 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn náà ta ènìyàn lọ́rẹ. David Attenborough, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbà á ní ọdún 1981.

Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀

Ọ̀nà ìkọ́ni tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí gbé kalẹ̀, tí a mọ̀ sí CTCA, dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta: àṣà, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àyíká. Olùkọ́ yóò ti sọ àkòrí ẹ̀kọ́ ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bi àwọn àgbà ilé léèrè ohun tí àṣà wa mọ̀ nípa rẹ̀, yóò sì wo fídíò tó jẹ mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní kíláàsì, wọn yóò jíròrò ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, olùkọ́ yóò sì fi àpẹẹrẹ àdúgbò àti ẹ̀fẹ̀ là á yé wọn. Lẹ́yìn èyí, àkópọ̀ ẹ̀kọ́ yóò dé orí fóònù wọn.

Bí ó ṣe kàn wá

Olùkọ́ kẹ́mísírì ní Mushin lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Ládìpọ̀, níbi tí irin ọkọ̀ ti ń dógùn-ún: omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá irin jà. Ọmọ Sùúrùlérè tàbí Yaba lè bi ìyá rẹ̀ ìdí tí ògì fi ń kan. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò rí ló ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì.

Fídíò nìkan kò tó. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbé ẹ̀kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní iná kò lè wo tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí kò ní dátà kò sì lè rí fídíò. Àgbà inú ilé kò béèrè dátà.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin òbí pé bí ọmọ bá fi ìbéèrè ilé-ẹ̀kọ́ tọ̀ yín wá, ẹ má ṣe lé e. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Olùkọ́ yóò fi ìyókù kún un. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.