Ohun Tí Èdè Kọ̀: Ẹ̀nà, Ìlù Bàtá àti Ètò Ìró Nínú Èdè Àfọwọ́dá

Bí a bá ní kí ènìyàn dá èdè tuntun sílẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé ìró mélòó ni kí èdè náà ní. Yóò to kọ́ńsónáǹtì, yóò to fáwẹ̀lì, yóò fa ìlà àtẹ yí wọn ká, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti bùṣe. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi tí kò yẹ ni onítọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èdè kan kọ̀ láti gbà ló ń mú kí etí gbà á ní èdè, iye ìró tó ní kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ lò kò jìnnà. Ó wà nínú ẹ̀nà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí Yorùbá ti ń dá láti ìgbà pípẹ́, pàápàá ní agbègbè Ọ̀ṣun, níbi tí Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Eko-Ende ti wà nítòsí ara wọn, tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn onílù bàtá, kò sì jìnnà sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Yorùbá fúnra rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún, fáwẹ̀lì àìránmúpè méje, àwọn àránmúpè, ohùn mẹ́ta: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gírámà ló ti há a sórí, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ti là á yéké nínú ìwé gírámà tó kọ ní 1966 àti èyí tó fi Yorùbá kọ ní 1990. Ṣùgbọ́n àtẹ yẹn nìkan kò lè sọ ìdí tí orúkọ kan fi ń bá etí wa mu tí òmíràn kò fi bá a mu. Bí mo bá sọ pé mò ń bọ̀ láti ìlú kan tó ń jẹ́ Ògero, kò sí ẹni tí yóò bá mi jiyàn. Yóò kàn béèrè pé lọ́nà ibo ni. Bí mo bá pè é ní Ọ̀gero, etí yóò ta gìrì, yóò fẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni mo lẹ̀ pọ̀. Gbogbo ìró inú orúkọ méjèèjì ló wà nínú àtẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀-orúkọ tí a kò ṣẹ̀dá láti ara òmíràn, e àti o kì í bá ẹ àti ọ ṣe pọ̀. Ìyẹn ni ànkóò fáwẹ̀lì, òfin ni, kì í ṣe ìró.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè lé fáwẹ̀lì náà lórí. Fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń sọ usu àti ulé láìwẹ̀yìn. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í ṣù pọ̀, kọ́ńsónáǹtì kì í sì parí sílébù. Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ tí a yá fi ń para dà lẹ́nu wa tó fi di dírẹ́bà, kíláàsì, búrẹ́dì: i ló sábà máa ń wọlé láti ya àwọn kọ́ńsónáǹtì náà, u sì máa ń wọlé lẹ́yìn àfètèpè. Ẹni tí kò lọ sílé-ìwé rí mọ òfin yìí dáadáa, kò kàn lè kà á ni.

Àwọn òfin yìí ni ẹ̀nà ń bọ̀wọ̀ fún. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ̀wé lórí ẹ̀nà ní 1982, àwọn onímọ̀ èdè sì ti rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ẹ jẹ́ ká mú oríṣi kan tó rọrùn, èyí tí a ń fi g àti fáwẹ̀lì kan náà tẹ̀lé sílébù kọ̀ọ̀kan. "Mo fẹ́ lọ sí Ìkìrun" yóò di "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ sígí Ìgìkìgìrungun". Ẹni tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀ kò ní gbọ́ ohunkóhun, pàápàá bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá yára. Síbẹ̀, kò sí ìró àjèjì kankan níbẹ̀. Ànkóò kò bàjẹ́, nítorí pé fáwẹ̀lì tó wà nílẹ̀ náà ni a tún pè. Kọ́ńsónáǹtì kò ṣù pọ̀. Àránmúpè inú Ìkìrun ṣì jẹ́ àránmúpè. Ẹni tó dá a gbé èdè kan pamọ́ sínú èdè kan náà, kò sì rú òfin kankan.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi ẹ̀nà yìí pe orúkọ bíi Bámgbóṣé. Sílébù mẹ́rin ló wà níbẹ̀: bá, m, gbó, ṣé. Kọ́ńsónáǹtì àránmúpè aṣesílébù ni m yẹn, ó ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fáwẹ̀lì tí g lè wò kọ. Kí ni kí a ṣe? A lè fò ó kọjá, kí orúkọ náà di Bágámgbógóṣégé. A lè yá fáwẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀ fún un, tàbí kí a máa fún gbogbo irú rẹ̀ ní u. Ìpinnu kékeré ni lójú, àmọ́ òun gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ìró. Ẹni tó fò ó kọjá ti sọ pé fáwẹ̀lì ni òun ń kà. Ẹni tó fún un ní fáwẹ̀lì ti sọ pé ohun tó bá gba ohùn ni òun ń kà. Mo fara mọ́ ẹnì kejì yìí, nítorí pé ohùn ni òpómúléró sílébù Yorùbá.

Ohùn náà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìpinnu. Nínú àpẹẹrẹ mi, sílébù tí a fi kún un gba ohùn èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé orin gbólóhùn náà kò parẹ́. Ó kàn gùn sí i ni. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mú, onílù pàápàá, lè gbá orin náà mú kó sì tú àṣírí. Bí a bá ní kí gbogbo sílébù àfikún gba ohùn òkè, kí ó di "Mogó fẹ́gẹ́ lọgọ́", orin náà dàrú, àṣírí sì jinlẹ̀ sí i. Irú àṣírí tí a ń wá ló ń sọ irú ohùn tí a ó yàn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ onílù ti wọlé yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bàtá. Ìlù dùndún lè gbé ohùn ọ̀rọ̀ lọ sókè sódò nítorí ọ̀sán tí onílù ń fún. A kì í fún ọ̀sán bàtá láti yí ohùn padà. Ojú méjì ni ìyáàlù bàtá ní, ojú òjò tó tóbi àti ṣáṣá tó kéré. Ọwọ́ ń bọ́ lójú òjò, bílálà ń ta ṣáṣá. Èyí ni wọ́n fi ń sọ pé akólòlò ni bàtá. Àwọn ọmọ Àyàn, ìyẹn àwọn ìdílé onílù, wá dá ẹ̀nà kan sílẹ̀ tó wà láàárín ẹnu àti ìlù: wọn a sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ létí ará ìta, tó jẹ́ pé sílébù kọ̀ọ̀kan ń sọ bí ọwọ́ yóò ṣe bọ́ lójú awọ. Amanda Villepastour, tó bá Rábíù Àyándòkun ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ṣiṣẹ́, gbé ìwé jáde lórí ẹ̀nà bàtá yìí ní 2010. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ náà ni bó ṣe fi hàn pé ẹ̀nà náà kò ka ohùn nìkan. Irú fáwẹ̀lì tó wà nínú sílébù tún kan bí a ó ṣe lu ú.

Ẹ wo bí ìyẹn ti jinlẹ̀ tó. Ẹni tó ń dá èdè sílẹ̀ lórí tábìlì lè kó ìró tó bá wù ú jọ. Àwọn àgbà onílù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ọwọ́ kò bá lè lù kò lè wọ inú ẹ̀nà wọn. Awọ àti bílálà ló ń ṣòfin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹ̀nà bàtá sí ọ̀kan nínú àwọn ètò ìró àfọwọ́dá tó mọ́yán lórí jù tí mo mọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn èdè àfọwọ́dá bíi Esperanto.

Egúngún ń ṣe òdìkejì ẹ̀nà bàtá. Ní Òkukù àti ní gbogbo ìlú tí eégún ń jáde, ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an ni ará ọ̀run ń sọ, òfin ìró rẹ̀ kò yí padà, ohùn líle láti inú ọ̀fun ni ó fi ń sọ ọ́. Ohùn yẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé kì í ṣe ará ilé ni. Oríkì pẹ̀lú ń fi agbára òfin ìró hàn. Ní Òkukù yìí náà ni onímọ̀ Karin Barber gbé ní àwọn ọdún 1970 tó ń gba oríkì sílẹ̀, èyí tó bí ìwé rẹ̀ ti 1991. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì orílẹ̀ dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń kì í pàápàá kò lè túmọ̀ mọ́. Wọn kò ju ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nù, torí pé bó ṣe dún bá òfin mu. Ọ̀rọ̀ lè sọ ìtumọ̀ nù kó má sì kú.

Àwọn kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin èdè abínibí wọn. Ní àwọn ọdún 1930, ní ilẹ̀ Ìbíbíò, ìjọ Oberi Okaime gba èdè kan tí wọ́n ní Ẹ̀mí ló fi hàn wọ́n, Medefaidrin. Michael Ukpong àti Akpan Akpan Udofia ni orúkọ wọn so mọ́ ọn jù. Ó ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ àti nọ́ńbà tó ń lọ ní ogún-ogún. Wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní 1936 láti fi kọ́ ọmọdé, ìjọba amúnisìn sì tì í. Ẹ wo orúkọ náà: d àti r ṣù pọ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n pe Ẹ̀mí Mímọ́, Seminant: n àti t jọ parí rẹ̀. Ìbíbíò kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì parí ọ̀rọ̀. Òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èdè òyìnbó ló sì wà ní kóòtù àti ilé-ìwé nígbà náà. Létí tèmi, wọ́n fẹ́ kí èdè ọ̀run dún bí èdè agbára, agbára tí wọ́n sì mọ̀ nígbà náà ń ṣu kọ́ńsónáǹtì pọ̀. Bí Yorùbá bá pè é, Mẹdẹfáídírìn ni yóò dà, agbára náà á sì rọ̀ díẹ̀.

Àwọn tó ń dá èdè fún ìtàn àti fíìmù náà ń yan bí èdè wọn yóò ṣe dún: Tolkien ṣe Quenya kí ó dún bí Finnish, ó ṣe Sindarin kí ó dún bí èdè Wales. Marc Okrand, tó ṣe Klingon fún fíìmù tó jáde ní 1984, fi oríṣi q méjì sí i, kò sì fi k lásán sí i rárá. Àlàfo yẹn wà lára ohun tó ń mú etí bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè sọ èdè wọn. Schleyer, tó gbé Volapük jáde ní Jámánì láàárín 1879 sí 1880, fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ r kúrò pátápátá nítorí àwọn ará Ṣáínà. Kumi Attobrah ará Gánà gbé Afrihili jáde ní 1970. Ó fi ɛ àti ɔ kún fáwẹ̀lì márùn-ún tí Swahili ní, èyí tó rọ ọmọ Akan lọ́rùn ju ọmọ Kẹ́ńyà lọ. Nílé wa níbí, Alex Igbineweka bẹ̀rẹ̀ Guosa ní 1965 láti inú àwọn èdè Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò lórí Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Bí a bá mú kọ́ńsónáǹtì tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní nìkan, mẹ́rìndínlógún nínú méjìdínlógún Yorùbá ló yè. Gb àti p wa, àwọn àfàfàséfètèpè méjì, nìkan ló bọ́, torí pé Háúsá kò ní wọn. Ta ni kò ní sọ pé iṣẹ́ rọrùn? Ṣùgbọ́n ẹ wo fáwẹ̀lì: ẹ àti ọ lọ, gbogbo àránmúpè lọ. Ẹ wá wo ohùn: Háúsá kò ní ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìgbò, nítorí náà ohùn àárín wa gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ka kọ́ńsónáǹtì nìkan yóò rò pé Yorùbá kò pàdánù nǹkan kan, nígbà tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Nípa ti ìyàtọ̀ s àti ṣ, ó wà nínú àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ mi ò ní gbé ẹrù púpọ̀ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ àgbà ní apá Ọ̀yọ́ kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹlòmíì lè ní ẹ̀nà kì í ṣe èdè, nítorí kò ní gírámà tirẹ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí gan-an tó fi wúlò nìyẹn: ìró nìkan ló yí padà níbẹ̀, gbogbo ìyókù dúró, a sì lè rí ohun tí ìró nìkan lè ṣe. Òǹkọ̀wé Yorùbá tó fẹ́ dá èdè fún iwin inú ìtàn rẹ̀ kò nílò x àti z. Kí ó gbé ohùn òkè lé fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ó pe ọba wọn ní Ógu àti odò wọn ní Érọ̀, kí ànkóò sì máa dàrú bí ó ti wù ú. Ìró wa ni gbogbo rẹ̀, irun orí yóò sì dìde. Kí ó má ṣàṣìṣe fi u bẹ̀rẹ̀ wọn o, torí ará Ìjẹ̀ṣà yóò kàn rò pé ọmọ ìyá òun ló dé.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ ẹ̀nà. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Eko-Ende, ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà nílé irú ẹ̀nà tí wọ́n ń sọ nígbà èwe. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo sílébù, kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n béèrè ohun tí ẹ̀nà náà ń ṣe sí m àti n tó ń ṣe sílébù.