Ikú Ìkà Nínú Sinimá Amí, Ikú Ìkà Nínú Ìtàn: Ohun Tí 16 Oṣù Kìíní 1977 Kọ́ Wa

Ẹni tó bá ti wo sinimá amí mẹ́ta mọ bí ẹ̀kẹrin yóò ṣe parí. Olórí ìkà tó ti fi wákàtí méjì dáyà já gbogbo ayé kì í fọwọ́ rọrí kú. Ẹja ńlá inú òkun a jẹ ẹ́, tàbí kí iná jó o, tàbí kí ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ lọ̀ ọ́ lúbúlúbú. Lágbègbè Adja-Ouèrè wa, láti Ikpinlè dé Massè, àwọn ọ̀dọ́ ń wo irú sinimá bẹ́ẹ̀ lórí fóònù báyìí, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Èkíní, ṣé irú ikú bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara? Èkejì, èyí tó kan akọ́nimọ̀ọ́ṣe ìtàn jù lọ: ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìkà ṣe ń parí lóòótọ́?

Ohun tí ara ènìyàn lè gbà

Ẹ jẹ́ kí á mú sinimá James Bond mẹ́ta tí òkìkí wọn kàn. Nínú « Goldfinger » (1964), fèrèsé bàálù fọ́ lókè, afẹ́fẹ́ sì fa ọ̀gá ìkà náà jáde. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lọ́dún 1973, fèrèsé bàálù ńlá kan fọ́ lójú òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èrò kan sì bá a lọ. Lọ́dún 1990, gíláàsì iwájú bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣí kúrò, ó sì fa awakọ̀ jáde dé ìdajì ara. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí bàálù fi balẹ̀, ọkùnrin náà kò sì kú. Ohun tí sinimá fi kún un ni pé ìfà náà kò dáwọ́ dúró. Ní òdodo, bí afẹ́fẹ́ inú bá ti bá ti ìta dọ́gba, ìfà náà tán.

Nínú « Vivre et laisser mourir » (1973), ìkà gbé ọta tó kún fún afẹ́fẹ́ mì, ó wú bíi bọ́ọ̀lù, ó fò lọ sókè àjà, ó sì bẹ́. Irọ́ gbáà nìyí. Awọ ara wa kì í ṣe rọ́bà. Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fa ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró ya, ẹni náà yóò sì ṣubú sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Pé ó fò sókè tilẹ̀ burú jù, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ.

Nínú « Permis de tuer » (1989), wọ́n ti ọ̀daràn kan mọ́ inú ìyẹ̀wù tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí gan-an, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí rẹ̀ fọ́. Àsọdùn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò. Ní oṣù kọkànlá 1983, lórí ọkọ̀ ìwapo Byford Dolphin ní òkun àríwá Yúróòpù, irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ṣí lójijì. Ènìyàn 5 kú lójú ẹsẹ̀, ara wọn sì bàjẹ́ lọ́nà tí a kò fẹ́ kọ síbí. Ẹ ṣàkíyèsí irú ẹni tí wọ́n jẹ́: òmùwẹ̀ ni 4 nínú wọn, òṣìṣẹ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ẹnì karùn-ún. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n wá lọ. Kò sí olórí ìkà kankan láàárín wọn.

Gáà, ẹni tí ikú rẹ̀ dòwe

A kò gbọdọ̀ sọ pé ìkà kankan kò kú ikú oró rí. Ìtàn Yorùbá ní tirẹ̀. Baṣọ̀run Gáà fi ọwọ́ líle mú Ọ̀yọ́ láti nǹkan bí 1754 títí di 1774. Ó fi ọba jẹ, ó sì mú kí ọba kú, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n gé ẹran ara rẹ̀, wọ́n sì sun ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí pé: bí o láyà, ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, ṣe òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo òwe náà dáadáa. Ogún ọdún ni Gáà fi jẹgàba. Ó ti darúgbó, ara rẹ̀ kò sì gbé e mọ́, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n, sùúrù àti ìpàdé bòókẹ́lẹ́ Abíọ́dún pẹ̀lú àwọn ará ìgbèríko ni ó mú un. Òkò kankan kò bọ́ láti ọ̀run. Ikú Gáà di òwe nítorí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Kútọnu

Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ ti rí ọjọ́ kan tó jọ sinimá amí ju èyíkéyìí lọ. Ọjọ́ Àìkú ni, 16 oṣù kìíní 1977. Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, bàálù DC-7 kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Kútọnu láìgbàṣẹ. Àwọn ọkùnrin bí 90 tú jáde pẹ̀lú ìbọn. Ajagungbowó ni wọ́n, àwọn tí èdè Faransé ń pè ní « mercenaires », àwọn ọmọ Áfíríkà kan sì wà láàárín wọn. Ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀ Gàbọ́n ni wọ́n sì ti gbéra. Ète wọn ni láti lé ìjọba Mathieu Kérékou kúrò, ìjọba tó ti wà lórí oyè láti oṣù kẹwàá 1972. « Opération Crevette » ni wọ́n pè é, iṣẹ́ edé. Olórí wọn ni Bob Denard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fi orúkọ Gilbert Bourgeaud bojú.

Wọ́n gba pápákọ̀, wọ́n sì dojú ìjà kọ ààfin ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, àwọn ajagungbowó náà rí i pé ọ̀nà kò là, wọ́n sá padà sínú bàálù wọn, wọ́n sì fò lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ́ ọ̀wọ̀n ìrántí fún wọn ní Kútọnu.

Ibi tí ìtàn ti kọ ẹ̀yìn sí sinimá nìyí. Amí inú sinimá a máa jó ìwé rẹ̀ níná, a sì máa gbé májèlé mì kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ajagungbowó Denard gbàgbé àpótí ìwé wọn sí pápákọ̀: ètò ìjà, orúkọ, àkọsílẹ̀ owó. Wọ́n gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà, ọmọ ilẹ̀ Gínì kan, tó sì sọ ohun tó mọ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán aṣojú orílẹ̀-èdè 3 wá ṣe ìwádìí, nípa ìpinnu 404 ti oṣù kejì 1977. Nínú ìpinnu 405 ti 14 oṣù kẹrin, ó dá ìkọlù náà lẹ́bi. Ìwé tí a gbàgbé ló tú àṣírí náà.

« Báwo ló ṣe wá kú? »

Bí a bá ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé ibí yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: báwo ni Denard ṣe wá kú? Wọ́n ń retí ẹja ńlá inú òkun. Èsì wa a máa bà wọ́n nínú jẹ́.

Ní ọdún 1977 kan náà, « L'Espion qui m'aimait » jáde ní sinimá. Olórí ìkà rẹ̀, Stromberg, fẹ́ pa ayé run. James Bond yìnbọn pa á kí eré tó parí. Denard ní tirẹ̀ tún gbé ọgbọ̀n ọdún sí i. Ní oṣù karùn-ún 1978, ó gba ìjọba erékùṣù Kòmórò. Wọ́n pa ààrẹ tó lé kúrò, Ali Soilih, kí oṣù náà tó parí. Lọ́dún 1989, wọ́n pa ààrẹ Ahmed Abdallah, ẹni tí Denard ń ṣọ́. Ilé ẹjọ́ Paris dá Denard sílẹ̀ lórí ọ̀ràn yẹn lọ́dún 1999. Ní ti Kútọnu, ọdún 1993 ni wọ́n tó dá ẹjọ́ rẹ̀ ní Paris: ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ṣùgbọ́n pẹ̀lú « sursis », èyí tí kò ní ṣẹ àfi bí ó bá tún dá ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, ó padà lọ gbàjọba ní Kòmórò, àwọn ọmọ ogun Faransé fúnra wọn ló sì mú un. Ó kú ní 13 oṣù kẹwàá 2007, ní ẹni ọdún 78. Àìsàn ọjọ́ ogbó ti gba ìrántí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú.

Àwọn wo ló wá jìyà? Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó kú lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ni, àti àwọn ará ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Lọ́dún 1978, nígbà tí ìjà ẹnu ìjọba wa àti ti Gàbọ́n le sí i nítorí ọ̀ràn yìí, Gàbọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ padà sílé, àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọ bàálù Denard.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ikú ìkà nínú sinimá kò sọ bí ayé ti rí. Ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ni ó ń sọ. Ó wù wá kí ìyà bá ẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba, kí a sì fi ojú ara wa rí i. Ìfẹ́ yẹn kò burú. Òun náà ló bí òwe Gáà. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè kọ́ wa láti ká ọwọ́ gbera, kí a máa wí pé ẹ̀san ń bọ̀ fúnra rẹ̀. A ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ owó ìlú tàbí ẹni tó fi agbára gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn: « ẹ fi í sílẹ̀, yóò rí i ». Ó lè má rí i o. Denard kò rí i.

Ohun tó dá iṣẹ́ edé dúró ni ọmọ ogun tí kò sá. Ohun tó tú u fó ni ìwé tí a tọ́jú, ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ àti àwọn olùwádìí tó kà á títí dé ìparí. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní Paris kéré sí ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀, kì bá tí sí ẹjọ́ rárá.

Nítorí náà, a ní iṣẹ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1977 ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Wọ́n wà ní Kpoulou, ní Oko-Akarè, ní Ikpinlè. Àwọn mìíràn wà ní Kútọnu lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn ní ìbátan tí Gàbọ́n lé padà. Ẹ lọ bá wọn, ẹ kí wọn, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún ìwé ìròyìn yìí, ní Yorùbá tàbí ní Faransé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó jìyà ni kí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀.