Ọ̀dà, Ìda àti Àkísà: Ìtàn Dídán Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Èkó

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara mọ́tò ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé Ẹgbẹ́ wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní ìtàn àwọn ọba ń bẹ nílẹ̀, ìtàn ogun ń bẹ nílẹ̀, kí ni ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ń wá nídìí garawa omi àti àkísà? Èsì mi kò gùn. Àwọn baba wa ni wọ́n wo ohun ìrìnnà yìí tí wọ́n sọ ọ́ ní ayọ́kẹ́lẹ́ nítorí ìrìn rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀dà, pe ohun dúdú tí a ń dà sí títì àti ohun aláràbarà tí a fi ń kun ara ọkọ̀ tí ń sáré lórí títì ọ̀hún. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbé wà, ìtàn wà níbẹ̀. Ohun kejì ni pé ní Anthony níbi tí mo ń gbé, owó ńlá ni ọ̀dà ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àwọn tí ó sì ń ba ọ̀dà náà jẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ kára jù lọ ni. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn kò lè mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Gómìnà Walter Egerton, ní ọdún 1906, ni títì mọ́tò ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ di ohun tí a ń gbà. Ní Èkó, ọ̀gbẹ́ni W. A. Dawodu wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún un ṣe di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà: ara wọn jẹ́ igi àti irin pẹlẹbẹ, ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi ń kùn wọ́n. Fáníìṣì tí ó ń dán lórí wọn jẹ́ epo irúgbìn ọ̀gbọ̀ tí a sè pọ̀ mọ́ oje igi tí ó ti gan. Bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀kan, a ó dúró kí ó gbẹ, a ó fi ohun líle ra á, a ó tún kùn ún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá kí ọkọ̀ kan tó jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí oje igi yìí. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Igi kan ń bẹ nínú igbó tiwa tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Daniellia ogea, ó sì wà lára àwọn igi tí ó ń mú irú oje bẹ́ẹ̀ jáde. Ìdajì orúkọ náà jẹ́ ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ìdajì tí ó gbẹ̀yìn, láti ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbé e. Nítorí náà ẹni tí ó bá rò pé dídán ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó látòkè délẹ̀, kí ó tún un rò.

Láti ọdún 1914 títí di 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni ilé-iṣẹ́ Ford fi ń kun ọkọ̀ Model T tirẹ̀, nítorí pé ọ̀dà dúdú náà lágbára, kò sì wọ́n. Ohun tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà ni ọ̀dà tuntun kan tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní Duco, tí General Motors sì kọ́kọ́ fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924. Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àní irú òwú tí a ń ran tí a sì ń hun, tí a wá rẹ sínú ásíìdì. A kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Fífọ́n ni a ń fọ́n ọn. Kò tó ọjọ́ kan tí ó fi ń gbẹ, gbogbo àwọ̀ ni ó sì gbà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ pupa, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé àti ọkọ̀ aláwọ̀ aró ti pọ̀ láyé.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà olówùú yìí ní àléébù. Oòrùn ń jẹ ẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, òkè rẹ̀ yóò di ìyẹ̀fun. Bí o bá fi ìka kàn án, ìka rẹ yóò funfun bí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ẹfun. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe ìpara oníyanrìn tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní kọ́ńpáàndì. Yóò họ òkè tí ó ti kú náà kúrò, ọ̀dà tí ó wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ yóò sì yọjú. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìda pa á lára, kí oòrùn àti òjò má baà tètè débẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èyí o: ìpara oníyanrìn ń mú nǹkan kúrò, ìda ń fi nǹkan kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe méjèèjì ní pọ́líìṣì, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìda tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí ni carnauba, tí a ń gbọ̀n lára imọ̀ ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, orílẹ̀-èdè kan náà tí àwọn Àgùdà Èkó ti ṣẹ́rí padà wálé. Ìda oyin ń yọ́ bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti carnauba ń dúró títí di nǹkan bí 83. Ẹni tí ó bá ti gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ dúdú ní ọ̀sán gangan ní Èkó mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí. Àwọn baba wa ní Ifẹ̀, tí wọ́n rọ àwọn orí idẹ tí a hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, wá ìda nítorí pé ó ń yọ́, kí idẹ lè gba ipò rẹ̀. Àwọn onímọ́tò wá èyí tí kò ní tètè yọ́. Ní Chicago ni Turtle Wax, ìda Ìjàpá, ti jáde. Àwa náà sì ń pe Volkswagen kékeré ní Ìjàpá, tí ó fi jẹ́ pé àwọn kan ní Èkó ti fi Ìjàpá pa Ìjàpá lára rí láìmọ̀.

Anthony wà níbi tí títì Ìkòròdú àti títì ńlá Òṣòdì sí Oworoǹṣókí ti pàdé. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n la títì kejì yìí, nígbà tí afárá Third Mainland sì parí ní 1990, àwọn ọkọ̀ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá tún di púpọ̀ sí i. Èéfín, eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1972, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ni gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1975 owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry. Akọ̀wé tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì lánàá wá di ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ náà sì ni ohun tí ó níye lórí jù lọ tí ọ̀pọ̀ wọn ní, lẹ́yìn ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó yá owó rà á, tí wọ́n ń san án láti inú owó oṣù.

Bàbá kan ń bẹ ládùúgbò wa tí ó ra Peugeot 504 aláwọ̀ ewé ní àkókò yẹn. Mo lọ kí i láti béèrè bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, sà,” ni mo wí. “Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ìpara náà ti ń ṣiṣẹ́?”

“Àkísà ni ó ń sọ fún wa, ọmọ mi,” ni bàbá dáhùn. “Bí àkísà funfun kò bá tíì di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti wá dúdú jù, kí o sinmi.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ṣe é lọ́dún?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tí ó bá ń ṣe é lóṣooṣù, irin ni ó fẹ́ rí.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn náà, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Ní ìgbà ayé 504 rẹ̀, àwọ̀ àti dídán wà nínú ọ̀dà kan náà. Bí ọwọ́ bá ń họ ọ́, ojú ń rí i lára àkísà. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá apẹ́ńtà fi kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n sì mọ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọn.

Ní ọdún 1986 ìjọba gbé ètò SAP jáde, náírà wó lulẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kúrò ní ohun tí akọ̀wé lè rà. Ìgbà yẹn ni tòkunbọ̀ gbòde. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fún irin tí ẹlòmíràn ti lò, n kò sì mọ èdè mìíràn tí ó fi ọ̀yàyà bẹ́ẹ̀ kí ọjà àlòkù káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ yìí kò rí bí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní òkè òkun ti ń fi ọ̀dà méjì kun ọkọ̀: èyí tí ó ní àwọ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tí kò ní àwọ̀, tí ó mọ́ bí dígí, ń bẹ lókè. Ti òkè yìí ni ó ń dán. Òun ni ó sì ń dènà oòrùn fún ti ìsàlẹ̀. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.05 mílímítà. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wò ó nísinsìnyí. Oníṣẹ́ gbé ìpara oníyanrìn, ó ń fi gbogbo agbára ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó ń wo àkísà. Àkísà kò yí àwọ̀ padà, nítorí pé ohun tí ó ń họ kò ní àwọ̀. Nítorí náà ó gbà pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Ọkọ̀ náà yóò dán lọ́jọ́ yẹn, olówó rẹ̀ yóò sì san owó tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, orí ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí oòrùn ti ń mú jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí bó bí awọ ejò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kà láàárín ilé wa àti ibùdókọ̀. A máa ń sọ pé àwọn ọmọ náà kò mọ iṣẹ́. Èmi kò gbà. Wọ́n mọ iṣẹ́ kan dáadáa. Iṣẹ́ ọ̀dà tí ó ti kọjá lọ ni. Kíkun gbogbo ọkọ̀ lọ́tun kì í sì í ṣe owó kékeré fún olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ó ń fi ọkọ̀ ọ̀hún wá oúnjẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú irú ọkọ̀ yìí nílé kò nílò agbára púpọ̀. Kí ó gbé e sí ibòji, kí ara rẹ̀ tutù. Omi púpọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ dà sí i, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí eruku tí ó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chad ní iyanrìn nínú, aṣọ gbígbẹ tí àwọn awakọ̀ sì fi ń gbọn ọkọ̀ láàárọ̀ ń fi iyanrìn náà họ ọ́ ni. Kí ó lo ọṣẹ tí kò le, kì í ṣe ìyẹ̀fun ìfọṣọ, kì í sì í ṣe kẹrosíìnì. Garawa méjì ni kí ó ní, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan kànrìnkàn. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni kí ó fọ̀ ọ́, kí táyà kẹ́yìn. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò kò gbọdọ̀ sùn lára ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ìda díẹ̀ pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyá ti ń fi òrí pa ọmọ lára nígbà ọyẹ́, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ nu ún. Bí omi bá ṣì ń ṣù rìgìdìrìgìdì lára ọkọ̀, ìda ń bẹ níbẹ̀. Bí omi bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti tó àkókò láti tún un pa. Ìpara oníyanrìn kò sí nínú gbogbo èyí, àfi bí ojú ọgbẹ́ kan bá wà, ibẹ̀ nìkan ni a ó sì fi kàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ tiwa nínú Ẹgbẹ́ yìí. A ní ọ̀dà, a ní ìda, ṣùgbọ́n a kò tíì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀dà òkè tí kò ní àwọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fọkọ̀ nítòsí ibùdókọ̀ Anthony ohun tí òun ń pè é. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, awọ ọ̀dà ni.” Ó rọra fi èékánná tọ́ka sí ibi tí ó ti ń bó lára ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì bu omi sí i.