Ọ̀nà Tí Fólíìkì Gbà Dé Ọwọ́ Obìnrin Tó Ń Wá Ọmọ

Lọ́dún 1928, Lucy Wills, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, gbéra lọ sí Bombay nílẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ lára àwọn aboyún tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìhunṣọ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kú. Wills yẹ ohun tí wọ́n ń jẹ wò. Àwọn tálákà tí kì í rí ẹ̀fọ́ àti èso jẹ dáadáa ni àìsàn náà ń bá jà jù.

Ọ̀bọ kan tó fi ń ṣe ìwádìí ló là á lójú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ti dá a gúnlẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fún un ní Marmite, nǹkan dúdú oníyọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi pa búrẹ́dì, tí wọ́n ń fi ìwúkàrà tó ṣẹ́kù nílé ọtí bíà ṣe. Ara ọ̀bọ yá. Wills fún àwọn aboyún náà, ara tiwọn náà yá, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1931. Kí ló wà nínú Marmite yìí gan-an? Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀.

Ní 1941, àwọn onímọ̀ kan ní Texas lo ẹ̀fọ́ spinach tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba bíńtín èròjà náà yọ nínú rẹ̀. Fólíìkì, fítámì kan, nìyẹn. Nígbà tó di 1945, ilé-iṣẹ́ Lederle ní Amẹ́ríkà ti ń fọwọ́ ara wọn pò ó.

Kí fólíìkì tó dé, fítámì E ni wọ́n ti kọ́kọ́ so mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Evans àti Bishop, ti rí i ní 1922 pé oyún kì í dúró lára eku tí kò bá rí i jẹ. Àmọ́ èèyàn kì í ṣe eku. Ẹ̀rí tó dájú kò tíì sí pé lílò rẹ̀ ń mú obìnrin lóyún. Fólíìkì kò ṣèlérí oyún rárá. Ọmọ tó ń bọ̀ ló ń ṣọ́.

Lọ́dún 1991 ni èyí hàn gbangba. Obìnrin 1,817 tó ti bí ọmọ tí ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé rí ló kópa nínú ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè méje. Nínú ọmọ 27 tí àbùkù náà tún bá, 21 jẹ́ ti àwọn tí kò lo fólíìkì, 6 péré ni ti àwọn tó lò ó.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé kí oyún tó pé ọjọ́ 28, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti fẹ́ra kù. Ibí yìí ni ẹni tó ń ṣe IVF (níní oyún nípa pípò ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara) ti ní àǹfààní: ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò gbé ọlẹ̀ sínú òun, ó sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo 400 máíkírógíráàmù fólíìkì lójúmọ́ ṣáájú. Ní Britain, 5 mílígíráàmù ni dókítà ń kọ fún ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, àti ẹni tó bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.